Lẹ́tà ṣíṣí sí Kọmíṣọ́nà Ètò Ìlera Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lórí ọ̀rọ̀ kírímù oòrùn

Ẹ̀yin Kọmíṣọ́nà wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, ẹ kú làálàá wa.

Ọmọ Òṣogbo ni mí, ọṣẹ àti ìpara ni mò ń tà lágbègbè Ọjà Ọba, ó ti lé lọ́dún mọ́kànlá tí mo ti wà nídìí ẹ̀. Èmi kì í ṣe dókítà, mi ò sì kàwé nọ́ọ̀sì, àmọ́ gbogbo ohun tí mò ń tà ni mo máa ń ka ẹ̀yìn páálí ẹ̀, èyí tí ò bá yé mi, mo máa bi ẹni tó mọ̀ ọ́n. Mo tún ní àbúrò ọkùnrin kan tó jẹ́ àfín. Torí iṣẹ́ mi àti torí àbúrò mi yìí ni mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí síta kí gbogbo èèyàn lè bá mi kà á, kì í ṣe pé mo fẹ́ bu ẹnikẹ́ni, ọ̀rọ̀ tó ti pẹ́ nínú mi ni.

Ọ̀rọ̀ kírímù oòrùn ni o, èyí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní sunscreen. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù, ẹyọ kan lè wà lórí sẹ́lífù mi fún oṣù mẹ́ta, ẹni tó bá sì máa rà á, àfi kó jẹ́ ọmọ tó ti ìlú òyìnbó dé àbí àwọn àlejò tó wá wo ọdún Ọ̀ṣun ní August. Ní báyìí kò sọ́jọ́ tí ọmọge kan ò ní wọlé kó ní "àǹtí, ẹ ní sunscreen?", torí gbogbo wọn ti rí i lórí TikTok, wọ́n ti gbọ́ pé ẹni tí ò bá ń lò ó, ojú ẹ̀ á hunjọ kó tó pé ọgbọ̀n ọdún. Tó bá dọ̀la, ìyá ọmọge yẹn náà á wá, á ní òun gbọ́ lórí WhatsApp pé kírímù yẹn gan-an ló ń fa jẹjẹrẹ, pé kẹ́míkà ẹ̀ ń wọnú ẹ̀jẹ̀, pé èèyàn dúdú ò nílò ẹ̀, Ọlọ́run ti fún wa ní tiwa. Ìyá àtọmọ ti bá ara wọn jà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi rí lórí túùbù kékeré kan. Mo dúró sáàárín wọn, mo sì mọ̀ pé òótọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì, àmọ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ yẹn kàn jù ò sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí tàwọn ìyá. Òótọ́ ni pé àwọ̀ dúdú wa ń ṣiṣẹ́. Ohun kan wà nínú awọ ara tí wọ́n ń pè ní melanin, òun ló mú ká dúdú, òun náà ló ń gba oòrùn dúró kó tó ráyè wọ inú lọ́hùn-ún. Àwọn onímọ̀ tó ti wọ̀n ọ́n tipẹ́ sọ pé ààbò tí awọ èèyàn dúdú ń ṣe fún ara ẹ̀ tó nǹkan bíi SPF 13, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dí oòrùn tó, ti òyìnbó ò ju 3 àti díẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí jẹjẹrẹ awọ ara tí oòrùn ń fà fi wọ́n láàárín wa, tó sì pọ̀ lọ́dọ̀ tiwọn. Kódà èyí tí wọ́n ń pè ní melanoma, tó bá máa mú èèyàn dúdú, àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àbí abẹ́ èékánná ló sábà máa ń jókòó sí, ibi tí oòrùn ò dé rárá. Bob Marley tí gbogbo wa mọ̀, ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ ni tiẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, abẹ́ èékánná, ó sì kú ní 1981, ọmọ ọdún 36 péré. Kò sí kírímù oòrùn tó lè gbani lọ́wọ́ irú ìyẹn. Ká máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ ara wa wò ló dáa, téèyàn bá rí àmì dúdú kan tó ń fẹ̀ sí i, kó má pè é ní egbò bàtà, kó tètè lọ fi han dókítà.

Torí náà tí ọmọge dúdú bá bi mí pé tóun ò bá lo sunscreen ṣé òun máa ní jẹjẹrẹ, mo máa ń sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀. Ìyẹn ò sọ pé kò wúlò fún un o. Ẹni tí irorẹ́ bá ti ṣe lójú rí, tí irorẹ́ lọ tí àmì dúdú wá kọ̀ tí ò lọ, oòrùn wà lára ohun tó ń jẹ́ kí àmì yẹn pẹ́. Aláboyún tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ṣàdédé ṣú bí ẹni fi èédú nù ún náà ńkọ́, oòrùn ń dá kún un. Kírímù oòrùn ń ṣiṣẹ́ fún irú wọn, èyí tó láwọ̀ bíi ti páńkéèkì ló tiẹ̀ dáa jù, torí nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní iron oxide tó wà nínú ẹ̀ máa ń gba ìmọ́lẹ̀ tá à ń fojú rí dúró, ìmọ́lẹ̀ yẹn náà ń mú awọ ara dúdú ṣú sí i. Ọ̀rọ̀ ẹwà nìyẹn, ẹwà sì dáa. Tó bá lówó ẹ̀, kó rà á.

Ọ̀rọ̀ pé ó ń wọnú ẹ̀jẹ̀ náà kì í ṣe irọ́. Ní 2019, àwọn FDA ní Amẹ́ríkà, ìyẹn NAFDAC tiwọn, mú èèyàn 24, wọ́n ní kí wọ́n máa fi sunscreen pa ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ara wọn lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n wá gba ẹ̀jẹ̀ wọn wò, wọ́n bá àwọn kẹ́míkà bí avobenzone àti oxybenzone níbẹ̀, ó sì ju iye tí wọ́n fi pààlà pé tó bá ti kọjá ibí kí wọ́n tún àyẹ̀wò míì ṣe sí i. Ibẹ̀ ni àwọn oníWhatsApp ti gé ọ̀rọ̀. Wọn ò sọ ìyókù, pé àwọn tó ṣe iṣẹ́ yẹn fúnra wọn ló ní kéèyàn má torí ẹ̀ jáwọ́ nínú lílò ó, torí pé nǹkan wọnú ẹ̀jẹ̀ ò tíì sọ pé ó bá ẹ̀jẹ̀ jà. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n sọ pé méjì wà tí ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ fi hàn pé kò léwu, zinc oxide àti titanium dioxide, àwọn yẹn máa ń dúró sórí awọ ara ni, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ wọlé. Wàhálà tiwọn ni pé wọ́n máa ń funfun lójú èèyàn dúdú, á dà bí ẹni fi ẹfun kunjú lọ síbi ọdún Ọbàtálá, ọ̀pọ̀ kọ́sítọ́mà mi ló ti dá a padà torí ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Ewu míì náà wà tí mo mọ̀. Ó máa ń ta èèyàn lójú tí òógùn bá fi wọnú ojú, ara àwọn kan ò sì gbà á, á máa yún wọn, á sú wọn lára. Ọmọ tí ò tíì pé oṣù mẹ́fà, wọn kì í fi pa á, ibòji àti aṣọ ni tiẹ̀. Ní 2021 wọ́n rí benzene, tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, nínú àwọn sunscreen kan, pàápàá àwọn tí wọ́n ń fín, wọ́n sì kó wọn kúrò lọ́jà, àmọ́ benzene yẹn kì í ṣara ohun tí wọ́n fi ń ṣe sunscreen, ìdọ̀tí ló kó wọ̀ ọ́ nílé iṣẹ́. Àwọn kan á tún ní oòrùn ló ń fún wa ní fítámì D, tá a bá dí i, egungun ọmọ á rọ. Ìbéèrè gidi nìyẹn, àmọ́ àwọn tó ń lò ó bí gbogbo èèyàn ṣe ń lò ó, wọn ò rí i kí fítámì D wọn tìtorí ẹ̀ lọ sílẹ̀. Àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn wọ́ nílẹ̀ wa níbí pàápàá, nígbà tí àwọn dókítà yẹ ọ̀rọ̀ wọn wò ní Jos, calcium tí ò tó nínú oúnjẹ ni wọ́n bá nídìí ẹ̀ ju oòrùn lọ, kí wọ́n máa jẹ ẹja kéékèèké teegunteegun.

Tí mo bá wá gbé gbogbo ẹ̀ lé òṣùwọ̀n fún èèyàn dúdú, àǹfààní ẹ̀ ò pọ̀, ewu ẹ̀ náà ò pọ̀, ẹni tó bá wù kó lò ó.

Àmọ́ fún àfín, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ẹ̀yin Kọmíṣọ́nà, ibi tí mò ń lọ gan-an nìyí.

Nígbà tá a wà lọ́mọdé, ìkòkò ọbẹ̀ méjì ló máa ń wà lórí ààrò ìyá wa. Ìkan fún gbogbo ilé, ìkan tí ò níyọ̀ fún àbúrò mi. Wọ́n ní àfín kì í jẹ iyọ̀, ẹni òrìṣà ni, tó bá fẹnu kan iyọ̀, ara ẹ̀ á yọ àmì. Ìyá wa fẹ́ràn ẹ̀ ju gbogbo wa lọ, mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí, torí pé ó fẹ́ràn ẹ̀ ló ṣe ń jí ní aago mẹ́rin láti sebẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ tó bá ti di ọ̀sán tá a ti iléèwé dé, igbá ẹ̀kọ la jọ máa ń gbé, èmi àtàbúrò mi, a máa kiri láti àdúgbò wa títí dé ọ̀nà ibùdókọ̀ rélùwéè, nínú oòrùn tó ń ṣán, láìsí fìlà, láìsí nǹkan kan. Ara ẹ̀ á pọ́n bí ata, á bó, kó tó jinná, a tún ti jáde. Àwọn àmì wẹ́wẹ́ dúdú wá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níwájú orí ẹ̀, lọ́rùn, léjìká, wọ́n ní ó ti lọ jẹ iyọ̀ níta. Wọ́n nà án. Ó ń sunkún pé òun ò jẹ iyọ̀, èmi náà mọ̀ pé kò jẹ ẹ́ torí àwa méjèèjì la jọ ń rìn, mi ò lè sọ̀rọ̀. Ọmọ yẹn ò mọ adùn iyọ̀ títí tó fi pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, oòrùn tó ń ṣe gbogbo ẹ̀ wà lókè lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tó bi í léèrè.

Mò ń sọ èyí torí mo mọ̀ pé ilé kan ṣì wà ní Òṣogbo lónìí tí wọ́n ti ń se ọbẹ̀ aláìníyọ̀ fọ́mọ àfín, tí wọ́n sì máa rán an lọ sọ́jà ní aago kan ọ̀sán.

Iléèwé náà ò gbè é. Ojú àfín kì í sábà ríran dáadáa, oòrùn sì máa ń gún wọn lójú, wọ́n fi àbúrò mi jókòó sẹ́yìn torí pé ó ga, kò rí ohun tí tíṣà kọ sí bọ́ọ̀dù, wọ́n ní olódo ni. Tí wọ́n bá ń ṣe àsẹ́ńbílì, gbangba ìta ni wọ́n máa ń tò wọ́n sí, wọ́n á pẹ́ nínú oòrùn kí ọ̀gá tó sọ̀rọ̀ tán, ẹni tó bá dé fìlà á ṣí i, òfin ni, tíṣà ò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. JSS 2 ló parí sí. Ẹni tí ò sì kàwé jìnnà, tí ojú ẹ̀ ò tún fi bẹ́ẹ̀ ríran, irú iṣẹ́ wo ló kù tí kì í ṣe ti ìta? Ó ta omi, ó bá wọn po kọnkéré, ní báyìí ó jókòó sábẹ́ agboòrùn kan lápá Ọláìyá, ó ń ta káàdì, ó sì ń ṣe POS.

Nígbà tó pé ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, egbò kan yọ sétí ẹ̀ lápá òsì, kékeré báyìí bí ẹni pé abẹ onígbàjámọ̀ ló há a. Ó ń jinná ó tún ń ṣí. A fi àgbo wẹ̀ ẹ́, a fi òróró kùn ún, èmi fúnra mi mú kírímù wá láti ṣọ́ọ̀bù, ọdún kan gbáko la fi ń ṣeré yẹn. Nígbà tá a máa dé ọsíbítù, dókítà wò ó, kò tiẹ̀ pẹ́, ó ní jẹjẹrẹ ni, irú èyí tó sábà máa ń mú àwọn àfín. Wọ́n gé etí yẹn sí ìdajì. Ọlọ́run ṣàánú, kò tíì rìn lọ sọ́rùn. Dókítà wá bi mí pé kí ló máa ń fi pa ara kó tó bọ́ sóòrùn, mi ò rí èsì fún un. Èmi tí mo ní sunscreen oríṣi mẹ́rin lórí sẹ́lífù, èmi tí mò ń tà á fún ọmọge torí kójú wọn lè dán, mi ò fi ẹyọ kan pa àbúrò mi lára rí. Kò wá sí mi lọ́kàn, nǹkan ẹwà ni mo kà á sí. Àtọjọ́ yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè, tí mò ń ka gbogbo ohun tí mò ń kà.

Ohun tí mo sì rí rèé. Àfín ò ní melanin yẹn, tàbí kó ní in díẹ̀ tí ò tó nǹkan. Gbogbo ohun tí mo sọ lókè pé awọ dúdú ń ṣe fún wa, kò sí fún wọn, abẹ́ oòrùn tiwa ni wọ́n sì bí wọn sí, kì í ṣe ti òyìnbó tí ò le. Oòrùn Òṣogbo máa ń dúró sórí èèyàn gangan lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, nínú April àti nígbà tí September bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tó fi jẹ́ pé lọ́sàn-án èèyàn ò ní rí òjìji ara ẹ̀ àfi lábẹ́ ẹsẹ̀. Mo ti kọ́ àbúrò mi báyìí pé tí òjìji ẹ bá ti kúrú jù ẹ́ lọ, sá wọ ibòji. Ìkùukùu August náà kì í dí gbogbo ẹ̀, ìtànṣán yẹn ń gbabẹ̀ kọjá láìgbóná.

Ní ìlú Nambour ní Australia, wọ́n mú èèyàn 1,621 ní 1992, wọ́n ní kí apá kan máa lo sunscreen lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́rin àtààbọ̀, ìyókù ń ṣe bó ṣe wù wọ́n. Irú jẹjẹrẹ tó mú àbúrò mi yìí fi nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún dín kù lára àwọn tó ń lò ó lójoojúmọ́. Òyìnbó ni wọ́n fi ṣe é, mo mọ̀, mi ò sì ní fi ṣẹ̀rí fún ọmọge dúdú. Àmọ́ nínú ọ̀rọ̀ oòrùn, awọ àfín sún mọ́ ti òyìnbó ju tiwa lọ. Zinc oxide yẹn tó ń funfun lójú èèyàn dúdú tí wọ́n fi ń dá a padà fún mi, ẹ wò ó, lára àfín, kò sẹ́ni tó máa rí i. Èyí tí ewu ẹ̀ kéré jù lọ ló bá wọn mu jù lọ! Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yẹn yé mi, omi bọ́ lójú mi nínú ṣọ́ọ̀bù.

Ó kù sórí owó. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Gbogbo ara àgbàlagbà, nǹkan bíi 30 ml ló máa gbà kó tó ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí, ẹni tó bá fi ìka tọ́ díẹ̀ sójú bí ìpara Sunday, SPF 50 ẹ̀ ò lè tó ìdajì ìyẹn. Ká ní ojú, etí, ọrùn àti apá nìkan ni àbúrò mi fẹ́ pa, ká pè é ní 10 ml. Wákàtí méjì méjì ni wọ́n ní kéèyàn máa tún un pa níta, àmọ́ ká ní ẹ̀ẹ̀mejì péré lójúmọ́, 20 ml nìyẹn. Túùbù tí mò ń tà, 50 ml ni, ọjọ́ méjì àtààbọ̀ ló ti tán. Méjìlá láàárín oṣù kan. Èyí tó rọjú jù tó ní nọ́ńbà NAFDAC ní ṣọ́ọ̀bù mi jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà, ọ̀kẹ́ mẹ́fà náírà nìyẹn lóṣù, nígbà tí owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ là sílẹ̀ ní 2024 jẹ́ 70,000. Ta ló máa rà á? Èmi tí mò ń tà á gan-an, ó ń wọ̀ mí lọ́rùn.

Bó ṣe wá rí nìyẹn, ẹni tí ò nílò ẹ̀ ń rà á, ẹni tó jẹ́ ẹ̀mí fún ò sì rí i rà.

Ẹ jẹ́ n tún sọ kinní kan tó ń dùn mí níbi ọjà wa. Àwọn kan ń po kírímù nínú báfù, wọ́n ń fi kẹ́míkà tó ń bó àwọ̀ tí wọ́n ń pè ní hydroquinone, ògidì stẹ́rọ́ìdì àti oríṣiríṣi sí i fún àwọn tó ń bóra, wọ́n á wá sọ fún wọn pé "fi sunscreen sí i kó má baà jó ẹ". Àwọn kan tún ń po sunscreen fúnra ẹ̀, wọ́n á kọ SPF 100 sára ike pẹ̀lú báírò. Kò sẹ́ni tó lè mọ SPF ohun tí wọ́n pò nínú báfù láìgbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi náà ti ta èyí tí wọ́n pò rí lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, mo sì ti jáwọ́. Mo rí obìnrin tó ti fi hydroquinone bóra títí, oríkèé ìka ẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ṣú, kò lè padà mọ́, oòrùn àti hydroquinone ló pàdé lára ẹ̀. Ní 2023 NAFDAC fúnra ẹ̀ sọ pé ọ̀rọ̀ bíbóra ti di pàjáwìrì nílẹ̀ wa. Tẹ́ ẹ bá bi mí léèrè ewu tó wà nídìí sunscreen ní Òṣogbo, ayédèrú yìí ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ kí n tó dárúkọ kẹ́míkà kankan, torí ìyá ọmọ àfín tó rí SPF 100 ẹlẹ́ẹ̀dẹ́gbẹ̀jọ náírà, á rò pé òun ti dáàbò bo ọmọ òun, á wá tú u sílẹ̀ sóòrùn. Ẹ tún wo ṣọ́ọ̀bù kọ̀ńténà tiwa náà, tó bá di March, inú ẹ̀ dà bí ààrò búrẹ́dì, sunscreen tó jẹ́ ojúlówó gan-an, ooru yẹn á bà á jẹ́. Ilé ni mo ń kó tèmi sí báyìí.

Ẹ̀yin Kọmíṣọ́nà, ohun tí mò ń tọrọ ò le jù. Ní Moshi, lẹ́bàá òkè Kilimanjaro ní Tanzania, wọ́n ń po kírímù oòrùn kan tí wọ́n ń pè ní Kilisun fún àwọn àfín, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń fún wọn. Adúláwọ̀ bíi tiwa ni wọ́n, wọ́n ṣe é. Àwa náà ní UNIOSUN Teaching Hospital níbí, a ní ọsíbítù ìjọba ní Asùbíaró, a ní àwọn onímọ̀ oògùn. Ẹ jẹ́ ká rí kírímù oòrùn fún àwọn àfín nínú ohun tí O'HIS, ètò adójútòfò ìlera Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ń san owó ẹ̀, kí ẹni tó bá jẹ́ àfín lè lọ gbà á bí wọ́n ṣe ń gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí dókítà sì máa yẹ awọ ara wọn wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kí egbò wọn má máa pé ọdún kan lábẹ́ àgbo. Àwọn kan á ní tí ẹ bá fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́ wọn ò ní lò ó, oògùn téèyàn ò fowó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ló ń gbé. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹni tí wọ́n ti gé etí ẹ̀ sí méjì mọ iye tí òun ti san.

Ìkejì, ẹ bá mi bá Kọmíṣọ́nà ètò ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀. Lẹ́tà kan péré sí gbogbo iléèwé ló máa ná wọn. Kí ọmọ àfín máa dé fìlà olétí gbàràmù nígbà kígbà, kó máa wọ aṣọ alápá gígùn àti ṣòkòtò tó kanlẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n pè é ní aláìgbọràn, kó jókòó níwájú, kó dúró sábẹ́ igi tí wọ́n bá ń ṣe àsẹ́ńbílì. Aṣọ ṣe pàtàkì ju kírímù lọ o, kírímù ń tán, òógùn ń fọ̀ ọ́ kúrò, aṣọ kì í tán. Aṣọ tó nípọn tó sì dúdú ló sì ń dí oòrùn jù, funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kì í ṣe púpọ̀. Àwa la wá ń jẹ́ ìlú aró, àwọn ìyá ìyá wa ló ń rẹ kíjìpá sínú aró títí á fi dúdú minimini. Mo ti mú kíjìpá aláró kan lọ bá télọ̀, ó fi rán fìlà olétí gbàràmù fún àbúrò mi, ó bo etí méjèèjì àti ẹ̀yìn ọrùn, ó sì wù ú. Iye tí mo fi rán fìlà yẹn ò tó owó túùbù kan.

June 13 ni ọjọ́ tí gbogbo ayé fi ń rántí àwọn àfín, wọ́n ti ń ṣe é láti 2015. Tó bá wù yín láti kéde nǹkan lọ́jọ́ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ lórí rédíò ní Yorùbá gidi pé iyọ̀ kọ́, oòrùn ni. Kí wọ́n pe àwọn onísẹ̀ṣe náà sí i, àwọn olórìṣà wa ní Òṣogbo níyì lọ́dọ̀ aráàlú, tí àwọn bá sọ pé ẹni Ọbàtálá ò gbọdọ̀ jóná, àwọn ìyá á gbọ́ ju ti dókítà lọ.

Àwọn ọmọ àfín tí mo ti bá pàdé ládùúgbò wa àti lọ́jà, mọ́kàndínlógún ni wọ́n, mo kọ orúkọ wọn sínú ìwé kan pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn àti nọ́ńbà ìyá wọn. Èyí tó kéré jù jẹ́ oṣù mẹ́jọ. Ìgbàkígbà tí ọ́fíìsì yín ní Àbẹ̀rẹ̀ bá ti ní kí n wá, mo máa pa ṣọ́ọ̀bù dé, mo máa mú ìwé náà wá.

Èmi ni tiyín tòótọ́,
Ìyá onípara, Ọjà Ọba, Òṣogbo